Ẹsẹ̀ Ọfà Keje

Ògúnkànmí kì í sọ pé nǹkan ti gbẹ. Bí aṣọ bá wà lórí okùn, tí Ròkíátù, ìyàwó àbúrò rẹ̀ tó ń se oúnjẹ fún un, bá béèrè bóyá òun lè ká a, yóò ní, "Fọwọ́ kàn án wò." Bí wọ́n bá kun ògiri, bí wọ́n bá rẹ́ ilẹ̀, bí ẹnìkan bá sá èlùbọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo ti mọ̀ ọ́n ju ogójì ọdún lọ. Ó pẹ́ kí n tó ṣàkíyèsí i. Ó tún pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀.

Ìbafo ni ilé rẹ̀ wà, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, yàrá mẹ́fà, ilé ìdáná lẹ́yìn. Ifọ̀ ni èmi ti ṣiṣẹ́ rélùwéè títí wọ́n fi ní kí n máa lọ sílé. Lẹ́yìn náà ni mo wá kọ́ ilé kékeré sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, nítorí pé a jọ ń ṣọdẹ láti ìgbà èwe. Ọfà ló ń ṣe. Kì í ṣe ọfà èèsún tí àwọn ọmọdé fi ń ta aláǹgbá. Ọfà igi ni, tó ní ẹsẹ̀.

Ẹni tí kò mọ̀ yóò béèrè pé kí ni ẹsẹ̀ ọfà. Ara ọfà gbọ́dọ̀ fúyẹ́ kó lè fò, nítorí náà igi arère ni Ògúnkànmí fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n arère kò lágbára. Bí ó bá gbá yangí tàbí eegun ẹran, iwájú rẹ̀ ni yóò ṣẹ́. Ògúnkànmí máa ń gé iwájú náà kúrò, yóò fi igi apá tí gígùn rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ kan rọ́pò rẹ̀. Igi apá le, ó wúwo, ikán kì í sì í jẹ ẹ́. Òun ni ẹsẹ̀ ọfà, irin sì wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Àwọn ọdẹ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní nínú gbogbo àgbáyé, òun nìkan ló ń fi apá ṣe ẹsẹ̀. Kì í rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n kì í bínú.

Ibi tí apá àti arère ti pàdé ni iṣẹ́ wà. Yóò fi ayùn la ẹnu sí ìdí igi apá, kí ó jìn tó ìka mẹ́ta. Yóò gbẹ́ arère tẹ́ẹ́rẹ́ bí ahọ́n. Yóò fi ewé ìpín ha méjèèjì títí ahọ́n yóò fi wọ ẹnu láìjẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ kọjá láàárín wọn. Lẹ́yìn náà ni yóò fi oje igi tí ó ti sè pọ̀ mọ́ èédú lílọ̀ kùn ún, yóò ti ahọ́n bọ ẹnu, yóò fi òwú wé e mọ́ra gírígírí. Yóò wá gbé e sí ibòji fún oòjọ́ mẹ́ta. Kì í ṣe ọjọ́ méjì àti ààbọ̀. Bí ẹnìkan bá ta á kí ó tó pé, ahọ́n yóò yọ kúrò lẹ́nu. Ẹsẹ̀ yóò wọ ara ẹran díẹ̀, ara ọfà yóò já bọ́, ẹran yóò sì yíjú padà sí ọdẹ.

Nígbà tí àwọn ará Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé sí Magboro àti Arepo, ìbọn di ìjàngbọ̀n. Bí ọdẹ bá yìn ín, wọ́n á ní olè dé, wọ́n á pe ọlọ́pàá. Àwọn ọdẹ tó ń wá ọ̀yà nínú àbàtà padà sí ọfà. Láti nǹkan bí ọdún 2001 ni iṣẹ́ Ògúnkànmí ti pọ̀ ju ti ìgbà èwe rẹ̀ lọ. Ó ń ṣe é, kò yọ̀ sí i.

Àbúrò rẹ̀ ń jẹ́ Mùsáfírù, ọmọ ìyá kan náà. Bàbá wọn fi orúkọ Ògún sọ ẹ̀gbọ́n. Kí wọ́n tó bí àbúrò, bàbá ti ń kírun. Ṣùgbọ́n ọdẹ ni gbogbo wọn, ọdẹ ìdílé wọn kì í sì í gbé ju ọfà méje lọ, kì í gbé dín ní méje. Ògún méje ni Ògún. Wọ́n ní ẹni tó bá gbé mẹ́fà wọgbó ti fi àyè ọ̀kan sílẹ̀ fún ohun mìíràn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní ọdún 1988, Mùsáfírù gbé apó ọfà kọ́ èjìká, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sínú igbó Mowe. Ọyẹ́ mú. Ròkíátù pọn ọmọ wọn, Fàósátù, sẹ́yìn, ó ń dáná. Mùsáfírù ní òun ti rí ipa ìgalà, òun yóò dé kí wọ́n tó kírun ọ̀sán.

Kò dé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi wá a, àwa ọdẹ mẹ́tàlá. A wá a láti Mowe dé etí odò Ògùn. Wọ́n ti jó ibì kan nínú igbó náà, eérú bo ilẹ̀, a kò lè rí ipa ẹsẹ̀. A kò rí fìlà. A kò rí àdá. Ní ọjọ́ kẹwàá, oúnjẹ tán, a padà sílé.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, àlùfáà wá bá Ògúnkànmí pé ó tó àkókò láti kírun sí Mùsáfírù lára, kí Ròkíátù lè mọ̀ pé opó ni òun, kí ó ní ọkọ mìíràn bí ó bá wù ú. Ògúnkànmí kọ̀. Ó ní a kì í kírun sí ẹni tí a kò rí lára. Àlùfáà padà wá lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó sì tún kọ̀. A rò pé ó ń retí àbúrò rẹ̀ ni. Ròkíátù náà kò lọ. Ó ń ta èédú níwájú ilé, ó tọ́ Fàósátù títí ó fi fẹ́ ọkọ sí Àgbàdo. Nígbà tí ìyàwó Ògúnkànmí kú, Ròkíátù ló ń se oúnjẹ fún un, ilé ìdáná rẹ̀ náà ni ó sì ti ń jẹ ẹ́, lórí àpótí kan tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ohun kan wà tí gbogbo wa rí, tí a kò sọ. Nígbà ọyẹ́, igi gbígbẹ a máa sán. Òpó ilé á dún pá, ilẹ̀kùn á dún pá. Bí ó bá dún báyìí tí Ògúnkànmí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, yóò gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, yóò yí ojú sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Yóò wò ó bí ìgbà tí ènìyàn dúró síbẹ̀ tó sì béèrè ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tún mú ọ̀bẹ.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje oṣù kejì ọdún 2005, ọkùnrin kan wọlé tọ̀ ọ́ wá láàárọ̀. Sàhéèdì ni orúkọ rẹ̀, bíríkìlà, ọmọ Ìwó, tó gba yàrá kan ní àdúgbò wa. Ó ń wa kòtò ṣalángá ní Mowe fún obìnrin ará Èkó kan tó ń kọ́lé síbẹ̀. Ó ti wà á dé orókùn ní ọjọ́ Sátidé kí ó tó kan nǹkan. Ó mú un jáde láti inú àpò ṣòkòtò.

"Bàbá, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Mo rò pé èékù ọ̀bẹ ni, àmọ́ ó ní ẹnu."

Ìdọ̀tí àti ìpẹtà bò ó. Ògúnkànmí fi àtàǹpàkò nù ún lábẹ́ irin. Ilà kékeré mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ilà tí òun fúnra rẹ̀ máa ń fà sára ẹsẹ̀ ọfà kí ó tó kan irin mọ́ ọn. Ikán ti jẹ ara ọfà tán. Ẹsẹ̀ nìkan ló kù.

Ó wá sílé mi láìdé fìlà. Ó ní, "Àlàó, wọ bàtà."

Ọ̀kadà méjì ló gbé wa dé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, a fi ẹsẹ̀ rin ìyókù, Sàhéèdì wà níwájú. Ojú ọ̀nà yẹn ni ó ti sọ fún mi. Kò wo ojú mi. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka nǹkan.

Ó ní ọfà méje ni Mùsáfírù ní kí òun ṣe. Mẹ́fà pé oòjọ́ mẹ́ta, ó dára. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú ni òun rí i pé ẹsẹ̀ keje ti sán. Òun ṣe òmíràn, òun fi oje mọ́ ọn nírọ̀lẹ́. Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, Mùsáfírù dé láti kó wọn. Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé èyí tó kẹ́yìn sókè sí ìmọ́lẹ̀ àtùpà.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí ńkọ́?"

"Ó ti gbẹ."

Ó ní òun kò fẹ́ kí àbúrò òun lọ pẹ̀lú mẹ́fà. Òun kò sì fẹ́ kó sọ pé òun kò lè ṣe ọfà méje kí ọjọ́ pé. Mùsáfírù wò ó díẹ̀, ó kó méjèèje, ó dúpẹ́, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ó ní, "Ọdún mẹ́tàdínlógún, bí igi bá ti dún, mo máa ń gbọ́ ọ. 'Èyí ńkọ́?' Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ kò sì bínú. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀."

Mo bi í pé kí ló fẹ́ rí nínú kòtò náà. Ó ní ẹnu ẹsẹ̀ ni òun fẹ́ wò. Bí oje bá gbẹ kí igi tó kúrò nínú rẹ̀, ojú oje á gba àwòrán igi arère, ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín, bí ìka ọwọ́ lórí ẹ̀kọ. Bí igi bá yọ ní tútù, ojú oje á máa dán. Nítorí rẹ̀ ni kò ṣe jẹ́ kí wọ́n kírun náà. Kì í ṣe pé ó ń retí pé Mùsáfírù wà láàyè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun ló pa á, kí òun tó dúró lẹ́yìn àlùfáà.

Obìnrin tó ni ilẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí a dé, ó ti Èkó wá wo iṣẹ́. Ìyá Jésùlayọ̀mi ni Sàhéèdì ń pè é. Ó rí wa, àgbà méjì tí ọwọ́ wọn mú ọkọ́, ó sì fà sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọ́n ri nǹkan mọ́bẹ̀ ni? Mi ò fẹ́ wàhálà o. Àwa, ọmọ Jésù ni wá."

Ògúnkànmí ní, "Àbúrò mi ni."

Obìnrin náà wo kòtò, ó wo Ògúnkànmí. Ó sọ fún Sàhéèdì pé kí ó wá ibòmíràn fún ṣalángá, kí ó sì bá àwọn bàbá wà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó di ojú, ètè rẹ̀ ń mì títí a fi ṣe tán.

Iyẹ̀pẹ̀ tí òjò ọdún mẹ́tàdínlógún kó wá ló bo ibẹ̀. A rí irin àdá. A rí eegun, èmi kò ní í sọ bó ṣe rí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni a rí ẹsẹ̀ ọfà márùn-ún, wọ́n tẹ́ síra wọn, irin wọn kọjú síbì kan náà, bí wọ́n ṣe máa ń wà nínú apó. Apó ti jẹrà. Pẹ̀lú èyí tí Sàhéèdì mú wá, ó di mẹ́fà.

Ògúnkànmí fi omi fọ̀ wọ́n nínú ike sìmẹ́ńtì. Ó gbé ẹnu wọn sí oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹjú mọ́ wọn. Ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan fún mi. Mo rí ìlà arère nínú oje mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọ́n ti gbẹ dáadáa kí ikán tó dé.

Keje kò sí. Ó ní kí Sàhéèdì gbé ajọ̀ tí wọ́n fi ń jọ yanrìn wá. A jọ gbogbo iyẹ̀pẹ̀ kòtò náà, a fẹ̀ ẹ́ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí gbogbo ẹ̀gbẹ́, a jọ ìyẹn náà. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó gbé ajọ̀ sílẹ̀.

"Keje ló ta," ó ní. "Ó ní mẹ́fà tó dára nínú apó, keje ló mú."

Ó di eegun àti ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú aṣọ, a kó wọn relé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí n bá òun lọ sọ́dọ̀ Ròkíátù. Wọ́n ti sọ fún un ní alẹ́ àná pé a rí ọkọ rẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní nínú ilé ìdáná, ó fi ìborùn bo orí, iná ń jó lábẹ́ ìkòkò omi. Kò sunkún. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì tún jókòó.

Ògúnkànmí kò jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Àgbàlagbà ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin, baálé ilé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyàwó àbúrò rẹ̀, àyà rẹ̀ kan eérú. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Mo yí ojú sí ògiri. Ibẹ̀ ni ó ti sọ ọ́ fún un, láti orí ẹsẹ̀ tó sán dé orí "ó ti gbẹ." Kò fi nǹkan kan pamọ́.

Ròkíátù ń pè é láti gbé e dìde, kò dìde. Nígbà tó sọ ọ́ tán, obìnrin náà fa igi iná sẹ́yìn lábẹ́ ìkòkò.

"Bàbá Kúlúsúmù," ó ní, orúkọ ọmọ Ògúnkànmí ló fi ń pè é, "ẹ dìde nílẹ̀. Kò mú un lọ."

Ó gbé àpótí sábẹ́ àjà, ó gùn ún. Ó ti ọwọ́ bọ àárín igi àjà, níbi tí èéfín ti dúdú jù, ó sì fa nǹkan gígùn kan jáde tí a fi àkísà bùbá wé. Nígbà tó tú u, ọfà ni. Ìyẹ́ rẹ̀ ti já bọ́ tán. Ara rẹ̀ dúdú bí èédú tí Ròkíátù ń tà.

Ó ní ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Mùsáfírù dé ẹ̀yìnkùlé, ó fi ìka tẹ ibi tí òwú wà, oje dúdú lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀. Ó nu ìka náà sí ògiri. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ní ó ti gbẹ. Kò tíì gbẹ. Gbé e sórí àjà, èéfín á gbẹ ẹ́. Má sọ fún ẹnikẹ́ni, ojú á tì wọ́n."

Ògúnkànmí bi í, "Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ẹ kò béèrè, sà. Ọkọ mi sì ní kí n má sọ. Mo rò pé yóò padà wá gbé e sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀."

Mo gbójú sókè wo àjà. Mo wo àpótí tí Ògúnkànmí máa ń jókòó lé jẹun. Ìwọ̀n apá kan ni ó wà láàárín ibi tí orí rẹ̀ máa ń wà àti ibi tí ọfà náà wà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fún ọdún tí ó ti ń jẹun níbẹ̀.

Kò gba ọfà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró, eérú wà ní àyà bùbá rẹ̀.

"Mẹ́fà ló gbé lọ," ó ní.

Mùsáfírù kò ta ọfà kankan. Ohun tó pa á, ejò ni o, iná igbó ni o, àìsàn ni o, a kò mọ̀ ọ́n dòní. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tó gbé mẹ́fà ti fi àyè ọ̀kan sílẹ̀, ó sì fi àyè náà sílẹ̀ kí ojú má bàa ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ròkíátù na ọfà sí i lẹ́ẹ̀kejì. "Ọdún mẹ́tàdínlógún ló lò lórí iná mi," ó ní. "Ẹ fọwọ́ kàn án wò."

Ó gbà á. Ó fi èékánná ha oríkèé náà. Ó di ẹsẹ̀ mú ní ọwọ́ ọ̀tún, ó di ara mú ní ọwọ́ òsì, ó fà. Ó fi orókùn tì í, ó fà á títí apá rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ó lọ́ ọ. Kò yọ. Ó gbé e sí etí, ó fi ìka gbá a, ó gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ó ti gbẹ," ó ní.

Mo ti ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tó pẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ kí ó sọ bẹ́ẹ̀ nípa nǹkan tó fọwọ́ kàn nìyẹn. Ròkíátù bu omi gbígbóná sínú abọ́ kí ó fi fọ eérú àyà rẹ̀. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà tó sunkún.

A sin Mùsáfírù ní Ìbafo ní Ọjọ́rú. Àlùfáà kírun sí i lára, Ògúnkànmí dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú ìlà kìíní. Àwọn ọdẹ fẹ́ kí a sin ọfà mọ́ ọn, àlùfáà kò gbà. Ògúnkànmí kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó padà sílé, ó gbẹ́ ara arère tuntun mẹ́fà fún ẹsẹ̀ mẹ́fà náà, ó fi oje mọ́ wọn, ó sì gbé wọn sí ibòji. Oòjọ́ méje ló fi wọ́n síbẹ̀, kì í ṣe mẹ́ta. Láti ìgbà náà, oòjọ́ méje ni fún gbogbo ọfà tó bá ṣe. Àwọn ọdẹ ń kùn. Ó ní kí wọ́n lọ ra ìbọn.

Ó kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pẹ̀lú keje dúdú yẹn sínú apó kan, ó gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Méje pé. Kò sí ẹni tó ń lò ó.

Ọyẹ́ dé lọ́dún náà gẹ́gẹ́ bí àṣà rẹ̀. A jókòó níwájú ilé, èmi, òun, àti Ròkíátù nídìí èédú rẹ̀. Òpó dún pá. Ògúnkànmí gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó yí ojú sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ròkíátù náà yí ojú síbẹ̀. Èmi náà yí ojú síbẹ̀, títí ó fi tún mú ọ̀bẹ.